Pánẹ́ẹ̀lì Géèmù Arcade Àtijọ́ Tí A Pa Tì: Èwo Ni Ká Tún Ṣe Fúnra Wa, Èwo Ni Ká Gbé Fún Oníṣẹ́, Èwo Ni Ká Pààrọ̀?

Pánẹ́ẹ̀lì méjì ni mo gbé kalẹ̀ sórí tábìlì ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ìyẹn pátákó oníná tí ó kún fún áísì (ẹ̀yà dúdú ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ tí ń ṣe ìṣirò), tí ó ń darí ẹ̀rọ arcade, ẹ̀rọ géèmù tí a ń sọ owó ẹyọ sínú rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti Pac-Man, géèmù tí Namco gbé jáde ní Japan ní ọdún 1980, tí ilé-iṣẹ́ Midway sì tà káàkiri Amẹ́ríkà. Inú gáréèjì tí òjò ń jò sí ni wọ́n ti gbé e jáde: eku ti tọ̀ sí i, eruku ti dì mọ́ ọn lára bí ẹrẹ̀ gbígbẹ, eyín ẹnu rẹ̀, ìyẹn àwọn ilà bàbà tí a ń kì bọ inú jáàkì, sì ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Èkejì jẹ́ pánẹ́ẹ̀lì CPS-2, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ géèmù Capcom bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 1993. Ó wà nínú ike rẹ̀ láìfarapa, bébà orúkọ géèmù ṣì ń dán lára rẹ̀, ẹni tí ó ni ín sì ti rà á ní owó gọbọi nítorí pé ó mọ́. Pac-Man jí láàárín ọjọ́ méjì, owó tí a ná lé e lórí kò sì tó nǹkan. CPS-2 kò fi ohunkóhun hàn ju àwọ̀ kan ṣoṣo tí ó bo ojú ẹ̀rọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí pé bátìrì tí ẹnikẹ́ni kò pààrọ̀ láti ọdún gbọọrọ ti kú, ó sì ti gbé kọ́kọ́rọ́ tí ẹ̀rọ náà fi ń ka ètò géèmù lọ.

Nítorí náà, n kì í fi ìdọ̀tí díwọ̀n pánẹ́ẹ̀lì mọ́, mo sì fẹ́ kí ẹni tí ó bá ń ronú irú iṣẹ́ yìí jáwọ́ nínú àṣà yẹn pẹ̀lú. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣáájú ni pé: kí ni ó wà lórí pánẹ́ẹ̀lì yìí tí a kò lè rí rà mọ́? Ìdáhùn rẹ̀ ni yóò sọ bóyá kí a tún un ṣe fúnra wa, kí a gbé e fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n jù wá lọ, tàbí kí a wá òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí ó ṣì wà lọ́jà àti ohun tí kò sí mọ́

Ẹ jẹ́ kí a gbé Pac-Man sí ẹ̀gbẹ́ Galaga, nítorí pé ilé-iṣẹ́ kan náà ni ó ṣe méjèèjì, ọdún kan péré ni ó sì wà láàárín wọn. Áísì tí ó jẹ́ ọpọlọ Pac-Man ni Z80, tí ilé-iṣẹ́ Zilog bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọdún 1976. Lóòótọ́ ni Zilog kéde ní ọdún 2024 pé àwọn kò ní ṣe ògbólógbòó Z80 náà mọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti wà nílẹ̀ pọ̀ débi pé kò ní wọ́n ẹnikẹ́ni. Ètò géèmù náà wà nínú ROM mẹ́rin, ìyẹn áísì tí ń pa ètò mọ́ láìsí iná, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 4 KB, tí a sì lè kọ tuntun sínú EPROM 2532, irú ROM tí a lè pa rẹ́ kí a sì tún kọ. Áísì ìrántí 2114 tí ó ń bá àwòrán ojú ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ ṣì ń rìn lọ́jà, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn áísì kéékèèké tí nọ́ńbà wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 74LS. Méjì péré, 284 àti 285, ni Namco ṣe fún ara rẹ̀, àwọn olólùfẹ́ géèmù sì ti ṣe pánẹ́ẹ̀lì kékeré tí ó ń dúró ní ipò wọn. Aláìsàn tí oògùn rẹ̀ wà ní gbogbo ìsọ̀ ni Pac-Man.

Galaga, ti ọdún 1981, kò rí bẹ́ẹ̀. Z80 mẹ́ta ni ó ní, èyí kò sì ṣòro. Ohun tí ó ṣòro ni ọ̀wọ́ áísì àdáni Namco tí ó yí wọn ká. Ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní 51xx ni ó ń ka owó ẹyọ tí a sọ sínú ẹ̀rọ àti ìdarí tí a ń tì síwá sẹ́yìn. Òmíràn, 54xx, ni ó ń dá ariwo ìbúgbàù sílẹ̀. Áísì ilé-iṣẹ́ Fujitsu ni wọ́n, Namco sì ti kọ ètò tirẹ̀ sínú wọn, nítorí náà ẹni tí ó bá ra Fujitsu irú rẹ̀ ní òfìfo kò tíì ra ohunkóhun. Bí 51xx bá kú, o lè sọ owó sínú Galaga títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni dé. Ìrọ́pò wà, ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ tí ń ṣe é ní ilé wọn ni a óò lọ bẹ̀, ó sì lè pẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ wa.

Ọ̀rọ̀ ayédèrú pánẹ́ẹ̀lì wọ ibí yìí. Nígbà tí géèmù wọ̀nyí ń mówó wọlé, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ṣe àdàkọ wọn láìgba àṣẹ, níwọ̀n bí wọn kò sì ti lè rí áísì àdáni rà, ńṣe ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ áísì 74LS lásán ṣe iṣẹ́ kan náà. Ìyẹn ni pé ayédèrú Galaga lè rọrùn láti tún ṣe ju ojúlówó lọ, nítorí pé gbogbo ohun tí ó wà lára rẹ̀ ni a lè rà. Ohun tí ó ń dá ènìyàn dúró lórí rẹ̀ ni pé kò ní ìwé àwòrán iná. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Midway àti Atari tẹ ìwé tí ó fi gbogbo ilà pánẹ́ẹ̀lì wọn hàn, ẹni tí ó bá ń tún tiwọn ṣe sì lè fi ìka tẹ̀lé àìsàn láti áísì kan dé òmíràn. Ẹni tí ayédèrú bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò máa fi mítà wá ọ̀nà fúnra rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé o kàn fẹ́ máa fi géèmù náà ṣeré ni, tí kì í ṣe pé o fẹ́ tún un tà, ayédèrú tí ó ní àìsàn kékeré kò burú rárá.

Kí iná tó wọ inú rẹ̀

Àyẹ̀wò yìí kan gbogbo ènìyàn, yálà ẹni tí yóò tún un ṣe fúnra rẹ̀ tàbí ẹni tí yóò gbé e fún oníṣẹ́, nítorí pé òun ni yóò jẹ́ kí o mọ ohun tí o ń gbé lọ.

Kọ́kọ́ wá bátìrì. Bí ó bá ti jò, tí ìpẹtà aláwọ̀ ewé sì ti ń rìn lọ sára àwọn áísì tí ó yí i ká, yọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀, àfi tí ó bá jẹ́ ti irú CPS-2 tí n óò sọ nípa rẹ̀ nísàlẹ̀. Omi bátìrì wọ̀nyí kì í ṣe ásíìdì, alikalì ni. Ìdí nìyẹn tí fínígà funfun díẹ̀ tí a fi búrọ́ọ̀ṣì eyín pa sí i fi ń pa agbára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a óò fi omi ṣan fínígà náà kúrò dáadáa, kí a tó fi ọtí isopropyl lé omi lọ. Ibi tí ìpẹtà ti jẹ ilà bàbà kọjá kò ní padà; wáyà tínrín ni a óò fi jó ọ̀nà tuntun.

Ẹ̀wẹ̀, wo àwọn EPROM. Wọ́n ní fèrèsé gíláàsì kékeré lójú, bébà tí ó bò ó sì ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe: ìmọ́lẹ̀ ultraviolet ni a fi ń pa ohun tí ó wà nínú wọn rẹ́. Ìwé àwọn tí ó ṣe wọ́n sọ pé oòrùn gangan lè pa á rẹ́ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, àti pé gílóòbù yàrá lè ṣe é ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Bí bébà bá ti ṣí, fi òmíràn bò ó kí o tó ṣe ohunkóhun mìíràn, pàápàá bí o bá ń gbèrò láti fọ pánẹ́ẹ̀lì náà. Fífọ̀ kò léèwọ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ ìfọwo díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni mo fi fọ ìtọ̀ eku kúrò lára Pac-Man yẹn, mo sì fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ fún ọjọ́ kan gbáko kí n tó fi iná sí i.

Eyín ẹnu rẹ̀ ni mo wá jókòó tì. Mo mú ìrésà funfun tí ọmọ ilé-ìwé fi ń pa ìwé rẹ́, mo sì ń fi í nu eyín kọ̀ọ̀kan láti inú lọ sí ìta. Dúdú náà ń re díẹ̀díẹ̀, ó ń kó jọ bí ìdọ̀tí ara nínú kànìnkànìn, bàbà sì ń yọ pupa lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí iná ti ń wọlé, eyín méjì kò mọ́: wọ́n ti jóná. Àrùn Pac-Man nìyí. Tíráńsífọ́mà ni ó ń gbé AC (iná tí ń lọ tí ń bọ̀) tó nǹkan bí fóltì 7 wá fún pánẹ́ẹ̀lì yìí, pánẹ́ẹ̀lì náà ni ó sì ń sọ ọ́ di DC (iná tí ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo) fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹrù tí ó ń gba ẹnu yẹn wọlé wúwo. Mo bo eyín méjèèjì ní lẹ́ẹ̀dì fẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹn irin rírọ̀ tí a ń fi áyọ́ọ̀nù yọ́, mo sì pààrọ̀ jáàkì pátápátá, nítorí pé eyín tuntun nínú jáàkì tí ó ti jó yóò tún jó ni.

Àwọn pánẹ́ẹ̀lì tí ó dé lẹ́yìn ọdún 1985 sábà máa ń tẹ̀lé ìlànà ìsopọ̀ kan náà tí wọ́n ń pè ní JAMMA, tí ó ní eyín 56, 28 ní ojú kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fẹ́ DC tí a ti ṣe tán. Ìyẹn mú kí àyẹ̀wò wọn rọrùn lórí tábìlì. Kí iná tó wọlé, gbé mítà lé ojú fóltì 5 àti ojú ilẹ̀ (ground) kí o ka ohms wọn, ìyẹn ìwọ̀n bí ọ̀nà náà ṣe ń dènà iná tó. Bí ó bá sún mọ́ òdo, ṣọ́ọ̀tì wà níbì kan, kapásítọ̀ tantalum sì ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Nígbà tí iná bá wọlé, lára áísì gan-an ni kí o ti ka fóltì náà, má ka ti ẹ̀rọ tí ń pèsè iná. Láàárín 4.75 sí 5.25 ni àwọn 74LS ti ń ṣiṣẹ́. Mo ti rí pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbé káàkiri ìlú gẹ́gẹ́ bí òkú, tí kò sì ní ju fóltì 4.6 tí ó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ.

Ẹni tí ó bá ra ẹ̀rọ láti Japan tàbí Amẹ́ríkà kí ó rántí pé fóltì 100 àti 120 ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Bí ó bá kì í bọ ihò iná fóltì 230 ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Ìbàdàn láìyí tíráńsífọ́mà padà, kò ní nílò ìfiwéra yìí mọ́. Má sì ṣe ìdánwò pánẹ́ẹ̀lì nínú àpótí ẹ̀rọ bí o kò bá mọ ọwọ́ tí a fi ń mú tẹlifíṣàn onígíláàsì, nítorí pé fóltì tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti pa iná.

Fúnra ẹni tàbí lọ́wọ́ oníṣẹ́

Ẹni tí ó bá ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́ rédíò, tí ó mọ mítà lò, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọ̀n lórí lẹ́ẹ̀dì, ti ní ìdajì ohun tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Ìdajì kejì ni sùúrù àti kíkọ nǹkan sílẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì bíi Pac-Man, Space Invaders tàbí Donkey Kong ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀: ìwé àwòrán wọn wà, áísì wọn wà, àìsàn wọn sì ti wọ́pọ̀ tí a fi lè dá wọn mọ̀. Pac-Man ń yẹ ara rẹ̀ wò nígbà tí iná bá wọlé. Bí ó bá yè, yóò kọ MEMORY OK, bí kò bá sì yè, yóò sọ apá tí ó ń dùn ún. Tèmi kò yè. Áísì 2114 kan ṣoṣo ni mo pààrọ̀, ojú ẹ̀rọ tí ó kún fún lẹ́tà jàgànjàgàn sì di ọ̀nà tí Pac-Man ń sáré nínú rẹ̀.

Oníṣẹ́ ni mo fara mọ́ nígbà tí áísì àdáni bá ti kú, nígbà tí pánẹ́ẹ̀lì bá ní ìpele bàbà ju méjì lọ tí ìpẹtà sì ti wọ inú rẹ̀, tàbí nígbà tí ó bá ṣọ̀wọ́n débi pé àṣìṣe kan yóò dín iye tí ó kù láyé kù. Ṣùgbọ́n bi oníṣẹ́ náà ní ìbéèrè kí o tó fi ṣọwọ́: ṣé yóò sọ áísì tí ó kú fún ọ, ṣé yóò dá àwọn tí ó yọ padà? Mo gba pánẹ́ẹ̀lì kan lọ́wọ́ ẹni tí atúnṣe kan ti pààrọ̀ áísì mọ́kànlá fún láìmọ ìdí, ó fa ilà bàbà mẹ́rin já nínú yíyọ wọn, àìsàn àkọ́kọ́ sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ó dùn mí gan-an, nítorí pé ilà tí ó ti já ṣòro láti rí ju áísì tí ó kú lọ.

Mítà, logic probe àti oscilloscope

Mítà ń sọ fún ọ bóyá iná wà àti bóyá ilà já. Kò lè sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lórí ilà tí ó ń yí padà ní mílíọ̀nù ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Logic probe, ọ̀pá kékeré tí kò wọ́n, tí ó ń tan iná pupa fún òkè àti iná ewé fún ilẹ̀, ni mo gbà pé ó yẹ kí olùbẹ̀rẹ̀ rà tẹ̀lé e. Kọ́kọ́ fi í kan clock Z80: òun ni onílù tí gbogbo áísì yòókù ń jó sí, bí kò bá sì sí ìlù, kò sí ijó. Lẹ́yìn náà, fi í kan reset, ilà tí ń mú ọpọlọ náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ń fò lọ fò bọ̀ léraléra, ọpọlọ náà ń bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣìnà, ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n ń pè ní watchdog sì ń dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà náà, ROM àti RAM (áísì ìrántí) ni kí o yẹ̀ wò.

Ibi tí logic probe kò dé ni oscilloscope, ẹ̀rọ tí ń ya bí iná ṣe ń lọ sókè sódò sójú rẹ̀, ti ń gbowó rẹ̀: ilà tí kò wà lókè tí kò sì wà nílẹ̀, tí ó ń léfòó láàárín. Àwọn 74LS tí Fujitsu ṣe ní àwọn ọdún 1980 lókìkí láàárín àwọn atúnṣe fún irú ikú yìí, ẹni tí ó bá sì rí wọn lórí pánẹ́ẹ̀lì kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ọ̀dọ̀ wọn. Ọgbọ́n kan wà tí kò ná ènìyàn lówó: gbé áísì tuntun irú kan náà gun ẹ̀yìn èyí tí o fura sí, ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀. Bí èyí tí ó wà nísàlẹ̀ bá ti dákẹ́ pátápátá, tuntun yóò sọ̀rọ̀ dípò rẹ̀, àwòrán yóò sì yí padà lójú rẹ. Bí ó bá ti há sókè tàbí sí ilẹ̀, ọgbọ́n yìí kò ní fi ohunkóhun hàn, má sì tìtorí rẹ̀ sọ pé áísì náà yè.

Ẹ̀rọ tí ń ka EPROM wúlò ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. MAME, ètò tí ń mú kọ̀ǹpútà ṣe bí ẹ̀rọ arcade, tí Nicola Salmoria bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1997, ní àkọsílẹ̀ iye ìdánimọ̀ gbogbo ROM tí ó mọ̀. Ka tìrẹ, fi iye rẹ̀ wé ti MAME, o sì ti mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ bóyá ètò géèmù náà ṣì pé.

Fífà á yọ tàbí gígé e

Lórí áísì 74LS lásán, gígé ni mo yàn láìṣiyèméjì. Fi pílíásì kékeré gé ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ara, kí o wá fi áyọ́ọ̀nù àti ìmúga yọ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Áísì kú, pánẹ́ẹ̀lì yè. Áísì àdáni kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé o lè fẹ́ dán an wò níbòmíràn. Èyí ń fẹ́ ìbọn tí ń fa lẹ́ẹ̀dì. Kọ́kọ́ fi lẹ́ẹ̀dì tuntun kún ti àtijọ́, èyí tí ó ní tánganran àti òjé nínú, tí ó ń yọ́ ní nǹkan bí 183°C, kí ti àtijọ́ lè rọ̀. Bí ẹsẹ̀ kan kò bá tíì mì, má fà á. Kí o sì fi sọ́kẹ́ẹ̀tì sí ipò gbogbo ohun tí o bá yọ.

Bátìrì tí ó jẹ́ ẹ̀mí pánẹ́ẹ̀lì

Bátìrì kò jọra. Lórí Defender, géèmù tí ilé-iṣẹ́ Williams ṣe, bátìrì AA mẹ́ta ni ó ń tọ́jú àmì àwọn tí ó gba máàkì jù. Yọ wọ́n kúrò, géèmù yóò ṣì ṣiṣẹ́. Mo máa ń fi áísì ìrántí tí kò nílò bátìrì rọ́pò RAM rẹ̀, kí ohun tí ó lè jò má sí lórí pánẹ́ẹ̀lì mọ́. Lórí CPS-2 ẹ̀wẹ̀, bátìrì fóltì 3.6 ni ó ń pa kọ́kọ́rọ́ mọ́, bí a bá sì fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó ṣì yè, iná mìíràn gbọ́dọ̀ ti máa wọlé kí a tó yọ ọ́.

Bí ó bá ti kú, ọ̀nà méjì ni ó wà. Ti àtijọ́ ni pé kí a kọ ètò géèmù tí a ti tú àṣírí rẹ̀ sínú EPROM tuntun. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojúlówó mọ́. Ti ìsinsìnyí, tí àwọn olùwádìí là ní ọdún 2016, ni pé kí a kọ kọ́kọ́rọ́ gan-an padà sínú pánẹ́ẹ̀lì. Èyí ni mo yàn fún CPS-2 orí tábìlì mi, mo sì rò pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ROM rẹ̀ mọ́ níwọ̀n ìgbà tí ọ̀nà yìí wà. Ní ti àwọn pánẹ́ẹ̀lì Sega System 16 tí ó ní áísì FD1094, ọpọlọ tí bátìrì ń pa kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ náà mọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni kí wọ́n fi áísì 68000 lásán àti ROM tí a ti tú rọ́pò rẹ̀.

Rírọ́pò

Bí iye owó áísì àdáni àti ti oníṣẹ́ bá ti kọjá ti pánẹ́ẹ̀lì mìíràn tí ó ń ṣiṣẹ́, ra òmíràn. Pánẹ́ẹ̀lì kékeré tí ó kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ géèmù pọ̀ ni ó rọrùn lówó jù lọ, ó sì tó fún ilé ìtura tàbí ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ohùn Galaga dáadáa yóò gbọ́ pé ó yàtọ̀. FPGA, áísì tí a ń kọ́ kí ó di àwòkọ pánẹ́ẹ̀lì àtijọ́ fúnra rẹ̀, sún mọ́ ojúlówó jù ú lọ fíìfíì, òun ni n óò sì yàn bí mo bá fẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́.

Èyí tí o bá yàn nínú wọn, má ju pánẹ́ẹ̀lì tí ó kú nù. Bí kì í bá ṣe irú CPS-2, yọ bátìrì rẹ̀. Fi í sínú àpò tí kì í jẹ́ kí iná ara bà á jẹ́. Kọ fóltì tí o kà, áísì tí o ti dán wò àti ohun tí ojú ẹ̀rọ fi hàn sórí bébà kan, kí o sì fi bébà náà sínú àpò kan náà. Mẹ́rin irú rẹ̀ ni ó wà ní ilé mi báyìí. Lára ọ̀kan nínú wọn ni mo ti rí 51xx tí ó jí Galaga ọ̀rẹ́ mi ní oṣù tó kọjá.